Káǹpù sáyẹ́ǹsì nígbà súmà, ẹ yéé pè é ní fàájì

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Houston bíi tèmi, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìparí oṣù Karùn-ún báyìí ni wọ́n á ti tilẹ̀kùn ilé ìwé, ó tún di oṣù Kẹjọ, iṣẹ́ tiwa ò sì ní ọlidé. Nílé lọ́hùn-ún, màmá àgbà wà ńbẹ̀, àbúrò ọkọ wà ńbẹ̀, holiday lesson àdúgbò náà wà ńbẹ̀. Níbí, ọkọ mi á ti jáde láti ìdájí, èmi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ láti hospital, oorun kún ojú mi, àwọn ọmọ méjì á wá dúró síwájú mi wọ́n á máa jà sí tablet. Èèyàn ò sì lè ní kí wọ́n lọ ṣeré níta, oòrùn Texas nínú oṣù Keje kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn Ìbàdàn rárá.

Torí ẹ̀ ni inú fi máa ń bí mi tí àwọn èèyàn wa bá ní káǹpù sáyẹ́ǹsì, ibi tí a ń gbé ọmọ lọ lójúmọmọ nígbà ọlidé kó lè kọ́ sáyẹ́ǹsì, fàájì lásán ni, nǹkan òyìnbó olówó ni. Ìtọ́jú ọmọ ni jàre, ọmọ kàn ń kọ́ nǹkan mọ́ ọn ni. IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba Amẹ́ríkà, gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣe owó orí yín, Form 2441 wà ńbẹ̀, owó káǹpù ojúmọmọ tí ẹ san fún ọmọ tí ò tíì pé 13 lè dín owó orí yín kù, tó bá jẹ́ pé kí ẹ lè ráyè ṣiṣẹ́ lẹ ṣe gbé ọmọ lọ, tó bá sì jẹ́ tọkọtìyàwó ni yín, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tàbí kí ẹnì kan máa wáṣẹ́ tàbí kó wà nílé ìwé. Ọmọ kan, owó tí wọ́n máa wò ò ní kọjá $3,000, ọmọ méjì sókè $6,000, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa yọ o, ìdá díẹ̀ nínú ẹ̀ ni. Káǹpù tí ọmọ á sùn síbẹ̀ ò sí lára ẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà owó orí ti káǹpù náà lọ́wọ́ wọn kí súmà tó parí, torí tẹ́ ẹ bá ń wá wọn kiri ní oṣù Kejì tí ẹ bá ń ṣe owó orí, ẹ lè má rẹ́ni gbé fóònù.

Àmọ́ káǹpù ju káǹpù lọ. Ọ̀kan wà tí a san owó gidi fún, wọ́n kọ "coding" (bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) gàdàgbà sára ẹ̀, géèmù Minecraft làwọn ọmọ ń gbá láti àárọ̀ dọ́sàn-án, tíṣà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó ń tẹ fóònù ẹ̀. Minecraft tó wà nílé wa! Látìgbà yẹn, ohun tí mo máa ń bi wọ́n ò ju kí ni ọmọ mi máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, kí ló sì máa fi hàn mí ní Friday? Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n gírámà, mo ti lọ.

Èyí tí a wá rí lẹ́yìn náà, ní Friday wọ́n pe àwa òbí wá wòran. Téèpù dúdú ni wọ́n lẹ̀ sórí pépà funfun kọ́lọkọ̀lọ, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tí ọmọ mi obìnrin àti ọmọ Íńdíà kan jọ tò ló gbọ́dọ̀ máa tọ̀ ọ́ lọ. Iná kan àti ojú kékeré tó ń wò ó wà lábẹ́ ẹ̀, funfun á da iná padà, dúdú á gbé e mì, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ bóyá òun ti yà lọ́nà. Ó ń lọ geere, ó dé kọ́nà, ó fò jáde. Tíṣà ò sọ nǹkan kan (èyí wù mí gan-an). Àwọn méjèèjì sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ọmọ mi ní eré ló ń sá jù, èkejì ní ojú ẹ̀ ló jìnnà sílẹ̀ jù. Wọ́n dín eré kù, ó tún jáde. Wọ́n wá sọ ojú ẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó gba kọ́nà kọjá wẹ́rẹ́. "Mummy, ṣé ẹ rí i, àwa méjèèjì la jàre!" Nígbà tá a délé, orí Scratch ló lọ, ìyẹn ibi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ coding lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, yunifásítì MIT ló gbé e jáde ní 2007, bíi kéèyàn máa to búlọ́ọ̀kù lórí ara wọn ni.

Ohun tí wọn kì í sọ fún yín: aago mẹ́sàn-án sí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn, ẹ máa sanwó mìíràn tí ọmọ bá máa dúró di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀pà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ò gbà á nítorí àwọn ọmọ tí ara wọn kọ ẹ̀pà, ìyẹn ni pé kúlíkúlí ò gbọdọ̀ débẹ̀, sùyà náà ò gbọdọ̀ débẹ̀ torí ẹ̀pà tó wà nínú yàjì. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè wá gbé ọmọ sínú fọ́ọ̀mù, torí tí orúkọ Àǹtí ìjọ yín ò bá sí ńbẹ̀, ọmọ ì báà máa pariwo "Auntie!", wọn ò ní fún un.

Oṣù Kìíní sí oṣù Kejì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Space Center Houston, níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V gígùn 363 feet dùbúlẹ̀ sí lẹ́bàá NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, máa ń ṣe káǹpù ojúmọmọ, ẹ má dúró kó kún. Tówó ò bá sì tó, ẹ bèèrè scholarship. Àwọn èèyàn wa máa ń tijú fọ́ọ̀mù yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gbé mọ́tò tó dáa ju tiwa lọ ti kọ ọ́ tán.