Wọ́n Pe Oníṣẹ́ Iná sí Gìtá Mi

Ẹni tó bá ń gbèrò àtimáa ta gìtá rọ́ọ̀kì nílùú Ìbàdàn, kó kọ́kọ́ ní owó epo. Ẹ̀bùn Ọlọ́run lè tẹ̀ lé e. Ní Mọ́kọ́lá tí a ti ń ṣe ìgbáradì, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré wa la máa ń tàn, ariwo rẹ̀ sì ju ti onílù wa lọ. A ti bá ohùn jẹnẹrétọ̀ yẹn kọ orin kan rí. Nígbà tí epo tán, orin náà pàdánù béèsì rẹ̀.

Ẹni tó ń ta béèsì gan-an ti wà ní Kánádà nígbà yẹn. Ó ní òun máa padà wá fún àwo orin wa àkọ́kọ́. Ẹni tó ti ta fíríìjì, tó ta bẹ́ẹ̀dì, tó dá ìkòkò ìyá rẹ̀ padà fún un! Onílù wa wá ń fi ìtàn Paul McCartney, olórin rọ́ọ̀kì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tù wá nínú: lọ́dún 1973, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ bàálù wá sí Èkó wá gba orin sílẹ̀, méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ó dé Èkó tán, àwọn olè fi ọ̀bẹ gba téèpù orin tó ti ń múra sílẹ̀. Síbẹ̀, ó lu ìlù fúnra rẹ̀, ó ta béèsì, àwo náà sì tà káàkiri ayé. Mo ní kò burú, àmọ́ ta ló ń ra epo fún McCartney?

Orin kan wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, lórí ọmọbìnrin tó já mi jù sílẹ̀. Ó ní ẹsẹ kìíní, ó ní ègbè tó ń pa èèyàn lẹ́kún, ẹsẹ kejì ló kọ̀ tí kò wá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá fi sí i, bí gìtá bá ń gòkè, ọ̀rọ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé orin àbọ̀ yìí lọ sóde ìgbéyàwó, torí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló pè wá, a sì jẹ gbèsè epo.

Alága ìjókòó ní, “Ẹ̀yin onígìtá, ẹ fún wa ní nǹkan tó dùn!” Mo fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà mi, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí gìtá máa bú. Gìtá bú bí ẹ̀rọ ìlọta tó gbé òkúta mì. Ìyá ìyàwó dì mọ́ gèlè rẹ̀. Alága ké sínú máìkì: “Ẹ dákun o, sípíkà ti ya!”

Ọmọkùnrin tó ń mójú tó ẹ̀rọ sáré wá, ó pa pẹ́dà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti tún un ṣe.” Mo tàn án, ó pa á. Mo tún tàn án, ni wọ́n bá lọ pe oníṣẹ́ iná gbọ̀ngàn náà. Ó fi tẹ́sítà kan ìdí gìtá mi, ó mi orí, ó ní iná ń wọlé, àmọ́ kò jáde dáadáa.

Àfi bí bàbá kan tó ń ta símẹ́ńtì ṣe dìde nídìí àmàlà. “Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dún!” Ó ní òun wà ní Èkó láyé ìgbà tí Berkley Jones ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì BLO, ẹni tí gìtá rẹ̀ kò bá bú, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ló bá fi agbádá gbálẹ̀ wá síwájú wa, ó ń jó.

Onígángan kan tó ń rìn kiri lẹ́nu ọ̀nà ti rí àpò agbádá yẹn ju bí a ṣe rí i lọ. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù ki bàbá. A sì ti dé ibi ẹsẹ kejì tí kò sí nílẹ̀. Mo lanu, ohun tí gángan ń sọ ni mo gbọ́ tí mò ń kọ lórin: orúkọ bàbá, orúkọ bàbá tó bí i, símẹ́ńtì, ọmọ méje. Ó sì bá gìtá mu rẹ́gí! Owó ń bọ́ sílẹ̀, onígángan ń ṣà á. Ó ní ṣebí òun ló pe bàbá lórúkọ. Ó yọ owó epo fún wa níbẹ̀. Bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́, ìyá ìyàwó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Ọmọ mi, ẹ ṣeun o. Ẹ ṣáà wá ẹni bá yín wo ẹ̀rọ yẹn.”

Nígbà tí a lọ gba orin náà sílẹ̀ ní sítúdíò, mo gbìyànjú láti yọ bàbá kúrò. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ bá ti orúkọ bàbá mu. Orúkọ ọmọbìnrin yẹn alára kò bá a mu. A fi bàbá sílẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèje.

Ọmọkùnrin tó ń gba orin sílẹ̀ fún wa gbọ́ ọ tán, ó wo ojú mi tàánú-tàánú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé bàbá oní-símẹ́ńtì yìí ló gba ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ yín ni?”