Ẹ̀ẹ̀rùn Àkọ́kọ́ Pẹ̀lú Ilé Orí Táyà

Ní alẹ́ àná, èmi àti ìyàwó mi jókòó sínú ilé orí táyà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, èyí tí a ó máa fi ọkọ̀ fà, nínú àgbàlá wa ní Gwarinpa, a sì ń jíròrò ibi tí a ó gbé e lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Òkè Mambilla ló wù mí jù, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà ibẹ̀ kò yẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Yankari.”

Inú mi dùn sí i, nítorí omi ìsun Wikki tó wà nínú ọgbà ẹranko Yankari náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru, àti pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn erin máa ń wá mu omi ní odò Gaji. Ìyàwó mi fi ìka tẹ rọ́bà etí fèrèsé. Ó ní eruku ọyẹ́ yóò gba ibẹ̀ wọlé. A ó dí i kí a tó gba ọ̀nà Jos lọ, ojúmọmọ nìkan ni a ó sì máa rìn.