Ẹ bá mi gbé Olúwa ga: ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ìtọ̀ ò rin aṣọ mi mọ́

Ẹ bá mi dúpẹ́. Mo padà síwájú dókítà lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi láti ọjọ́ yìí wá nítorí ìtọ̀ tó máa ń jò lára mi ṣì dúró digbí. Mo ń wúkọ́, mo ń sín, mo ń rẹ́rìn-ín títí ìhà ń ro mí, ìtọ̀ ò jò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí mo ṣe máa ń jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tí aṣọ ìpààrọ̀ ò sì kúrò nínú báàgì mi, ohun tí mò ń sọ yé yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò ní pé ọdún kan tí ìtọ̀ jíjò náà yóò fi padà ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní obìnrin tó ti bímọ gbọ́dọ̀ fara mọ́ jíjò? Ẹnu yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi bá mi yọ̀.

Dókítà mi ni mo fẹ́ kí jù, torí kò tàn mí. Kó tó ṣe abẹ náà, ó ní òun máa gé awẹ́ kan lára awọ líle tó bo iṣan ikùn mi, òun á fi gbé ojú ọ̀nà ìtọ̀ ró lábẹ́, bí ọ̀já ṣe ń gbé ọmọ ró. Ó ní ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó ṣe irú rẹ̀ fún ọdún 5: nǹkan bíi 31 nínú 100 ni ò jò rárá, síbẹ̀ 83 ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń rin gbingbin tẹ́lẹ̀, tó wá kù sí ìkán kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mọ oore tí wọ́n ṣe fún òun. Ó tún kìlọ̀ pé ìtọ̀ kánjúkánjú, èyí tó máa ń gbọ̀n èèyàn lójijì, lè yọjú lẹ́yìn abẹ. Ó yọjú sí mi lóòótọ́. Àwọn kan ti ń pariwo pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Èmi ti mọ̀, mo gba oògùn, ó rọlẹ̀.

Lẹ́yìn abẹ, ọjọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ mi ni ẹ̀rù bà mí jù. Àpò ìtọ̀ kún, inú ń ro mí bí ẹni pé ó fẹ́ bẹ́, ìtọ̀ kọ̀, kò jáde. Mo sunkún, mo rò pé wọ́n ti dí mi pa. Nọ́ọ̀sì alẹ́ jókòó tì mí: “Màmá, ẹ má tiraka mọ́. Ibẹ̀ ṣì wú ni.” Ó dá rọ́bà padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì kọ́ mi bí màá ṣe máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa ìtọ̀ fúnra mi nílé, títí ó fi ń wá fúnra rẹ̀. Kò kanra mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́run má jẹ́ kí ó rí ẹni tí yóò fi àìlera rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́kọ́ fún iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí yín ní eré ìdárayá, ó kéré tán oṣù 3, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn ò ní nílò abẹ mọ́. Bó bá di dandan, ẹ bèèrè bóyá awẹ́ kan láti ara yín ni wọ́n máa fi gbé ojú ọ̀nà ìtọ̀ ró, bíi tèmi, tàbí àwọ̀n tí wọ́n fi ike ṣe. Àwọ̀n náà gbè ọ̀pọ̀: lẹ́yìn ọdún 17, èyí tó ju 90 lọ nínú 100 àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ní àríwá Yúróòpù ò jò nígbà tí wọ́n wúkọ́. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ àwọn mìíràn lára, débi tí wọ́n fi dá lílò rẹ̀ dúró ní England ní oṣù Keje ọdún 2018. Dókítà tí kò bá fẹ́ dá yín lóhùn lórí ìyẹn, ẹ wá òmíràn.