Erin Tí Ó Ń Dọ̀bálẹ̀

Ọdún 19 gbáko ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní fisíìsì nílùú Òṣogbo yìí, kò sì sí ọdún kan tí n kì í fi ẹfun ya ọkọ̀ akẹ́rù sójú pátákó, kí n fa ìlà kan wá sílẹ̀ láti àárín ẹrù inú rẹ̀, kí n sì fi ohùn ńlá kéde pé nǹkan yòówù tí ìlà ìwúwo rẹ̀ bá ti bọ́ sí ìta ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣíṣubú ni yóò ṣubú. Mo ti fún ọmọ tí kò mọ èyí ní òdo rí. Nítorí náà, nígbà tí erin tí mo fi ọwọ́ ara mi hun dojú bolẹ̀ níwájú ẹbí àti ará ní Òkè Báálẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá, kò sí ẹni tí mo lè di ẹ̀bi náà rù bí kò ṣe ara mi. Mo kúkú gbìyànjú láti wá ẹlòmíràn dì í rù, ẹ ó sì gbọ́ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ láìpẹ́.

Bí èmi, ọkùnrin onírùngbọ̀n, ṣe dé ìdí kíróṣé, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ti mọ̀ ọ́n, ẹ sì ti fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ tó. N kò ní tún un sọ. Kí á máa bá ti erin lọ. Àwọn ará ilẹ̀ Japan ni wọ́n ń pe irú ẹranko oníkíróṣé bẹ́ẹ̀ ní amigurumi. Inú òrùka òwú kan ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ojú òwú mẹ́fà. Ní ìyíká kejì ó di 12, ní ìkẹta ó di 18, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi mẹ́fà mẹ́fà fẹ̀ títí yóò fi tóbi tó bí a ṣe fẹ́, kí á tó wá bẹ̀rẹ̀ sí dín in kù títí ẹnu rẹ̀ yóò fi pàdé. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé sọ pé kí n dúró ní ojú 48 fún orí. Mo wò ó, mo ní erin olórí kékeré kò yàtọ̀ sí ewúrẹ́, mo bá lọ títí dé 60. Ara rẹ̀ ni mo dúró fún ní 48. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé olùkọ́ fisíìsì ni mo pe ara mi.

Orí yìí wá ń jẹ òwú bí ẹni tí ebi pa bọ̀ láti oko. Ìrọ̀rí ìyàwó mi ni mo ń tú díẹ̀díẹ̀ láti fi kún un, nígbà tí yóò sì fi kan ọrùn, ìrọ̀rí náà ti pẹlẹbẹ bí àmàlà àná, ìyàwó mi sì ti ń ráhùn pé ọrùn ń dun òun. Ìba díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù ni mo rọ sí ọrùn erin. Bí ọrùn méjì ṣe bàjẹ́ nínú ilé kan náà lọ́sẹ̀ kan náà nìyẹn.

Ní alẹ́ tí mo fẹ́ rán ẹsẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n mú iná lọ. Èèyàn gidi ìbá sùn. Èmi fi eyín gbá tọ́ọ̀ṣì mú, itọ́ ń dà sí mi láyà, mo sì rán ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo tó rí i pé gbogbo wọn ló kó jọ sí abẹ́ ìbàdí, bí àwọn tí ń yáná lásìkò ọyẹ́.

Mo gbé e lé tábìlì. Kò ṣubú gbì bí nǹkan tí ẹnìkan tì. Ó kọ́kọ́ dúró, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ni ọrùn rọ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́jà nà gbọọrọ, iwájú orí kan tábìlì, ìdí sì gòkè. Ìdọ̀bálẹ̀ ni, ìdọ̀bálẹ̀ tòótọ́, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò ṣe mọ́, tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ kan kan orúnkún, wọ́n gbà pé àwọn ti kí ọ.

Oríṣiríṣi ọ̀bẹ là ń rí lọ́jọ́ ikú erin. Èyí tí kò kú, tí ó kàn ṣubú, ìmọ̀ràn ló ń kó wá. Ìyàwó mi ní kí n gé ọwọ́jà rẹ̀ kúrò. Mo ní kí ni yóò wá kù nínú erin? Ó ní òun náà ti ń bi ara òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nípa ìrọ̀rí òun. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní kí n ki wáyà sí i lẹ́sẹ̀, ìyẹn ìbá sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan ni mo ń hun ún fún, ọmọ ọdún kan kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín erin àti oúnjẹ. Màmá mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, wò ó títí, wọ́n mi orí, wọ́n ní ìlú tí igi ti ṣubú sódò, tí ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí ohùn sì ti inú omi pariwo mọ́ àwọn oṣó igbó, kì í ṣe ìlú tí a ti ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí ó bá ṣubú. Wọ́n tún rán mi létí pé Tìmẹ́hìn, tí òun pẹ̀lú Láróòyè tẹ ìlú yìí dó, ọdẹ erin ni. Ó lè jẹ́ pé ìjà kò tíì tán láàárín àwọn erin àti àwa. Mo wo Màmá mi, mo wo erin, n kò rí èsì fọ̀.

Káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló wá sọ èyí tí ó dùn mí jù. Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó fi tọ́ka sí ẹsẹ̀ erin, ó ní, “Tíṣà, ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ẹsẹ̀ mẹ́rin yìí ló ń dààmú yín. Ẹ yọ ọ̀kan.” Ohun tí ó bí mi nínú ni pé òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ mẹ́ta yóò bá ara wọn kan ilẹ̀ níbi gbogbo, tòun ti gbágungbàgun. Ẹ̀kẹrin ni ó máa ń rọ̀ sókè, tí yóò wá sọ àwọn yòókù di ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ inú ìwé tí mo fi ń jẹun ni ó wá ń sọ fún mi pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó ní irun imú. Mo ní kí ó máa lọ, kò sí ibi tí a ti ń rí erin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Mo bá padà sí orí ìmọ̀ mi. Mo ṣírò ìwúwo orí àti jíjìnnà rẹ̀ sí ẹsẹ̀ iwájú, mo kún ojú ìwé kan fọ́fọ́, ìdáhùn sì jáde pé kí ìdí erin wúwo sí i. Mo bu ẹ̀wà olóyin ìyàwó mi, agolo mílíkì mẹ́ta, mo dà á sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀. Ó fi ìdí jókòó, ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì àti ọwọ́jà sí òkè, ó ń wo àjà bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ti san owó oṣù. Mo yọ agolo kan kúrò. Ó dúró! Mo pariwo pe ìyàwó mi. Ó dé, ó wo erin, ó wo àpò ẹ̀wà, ó sì padà sí yàrá láìsọ̀rọ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, erin ti tún wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iwájú ni ó ṣubú sí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni. Mo tú ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo fi ìyíká ojú òwú kan kún un. Ó ṣubú sí ọ̀tún. Mo tú ti òsì, mo dín in kù. Ọ̀tún. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń tú, tí mo ń rán, ìka mi gún yánnayànna bí ìdí asẹ́, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì rò pé èmi àti ológbò ni. Ní ọjọ́ kẹfà, mo jókòó, mo ń jẹ ọsàn, mo fi ẹyọ kan lélẹ̀ sórí tábìlì kí n lè nu ọwọ́. Ọsàn náà dìde, ó rìn kọjá níwájú mi, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní apá ọ̀tún.

Mo gbé e padà. Ó tún lọ.

Ta ló kan tábìlì náà? Káfíńtà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni! Ọkùnrin tí ó wá fi pẹ́ńsù kọ́ mi ní ọgbọ́n ni ó ti ta tábìlì onítẹ̀ẹ́ fún mi láti ọdún méjì sẹ́yìn, tí ó gba gbogbo owó rẹ̀ pé, tí mo tún fún un ní owó ọtí lé e. Ẹ wá wo bí inú mi ṣe dùn! N kò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìdánwò àṣekágbá mi ti jáde. Mo ránṣẹ́ pè é, mo fi ọsàn han án nígbà mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dijú kan, ó wo tábìlì láti ìbú, ó wò ó láti òró, ó ní, “Tíṣà, tábìlì kọ́. Ilẹ̀ yín ni ó tẹ̀.” A gbé tábìlì lọ sí ẹnu ọ̀nà, ọsàn yí lọ. A gbé e lọ sí ilé ìdáná; ọsàn yí lọ. A gbé e bọ́ sí ìta lójú gbogbo àdúgbò. Ọsàn yí lọ. Ó ní ó dà bí ẹni pé ọsàn náà ni kò dọ́gba. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pọ̀ jù, ó mú ìwé kan lórí tábìlì, ó ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́jọ, ó ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìṣírò mi ni ó fi ṣe é. Títí di òní, abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà ni ibi kan ṣoṣo tí ìṣírò yẹn ti wúlò.

Lórí tábìlì tí ó ti gún, erin dúró fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko. Ọkàn mi balẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, mo fẹ́ dì í sínú báàgì, mo rí ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ba. Kòkòrò dúdú kékeré kan yọ orí láti ìdí òsì erin, ó sinmi díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bí onílé tí ó jáde wá na ara. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹbí rẹ̀. Kò sí àkókò mọ́; mo fi abẹ tú ìdí erin, mo da ẹ̀wà nù, mo ki àkísà bọ̀ ọ́, mo rán an pa, mo sì gba ọ̀nà Òkè Báálẹ̀ lọ. Pé àkísà kò wúwo tó ẹ̀wà, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ọdún 19, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Iwájú Ìyá Àgbà, ìyá-ìyá ọlọ́jọ́ ìbí, ni wọ́n ní kí n gbé e kalẹ̀ sí. Ó dúró ní gbogbo ìgbà àdúrà. Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé bí mo ṣe fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mú un dúró gan-an ni ọrùn ti rọ̀. Orí tẹ̀ síwájú, ọwọ́jà nà, ìdí gòkè. Ilé pa lọ́lọ́. Ìyá Àgbà wò ó, ojú wọn kún fún ayọ̀, wọ́n ní, “Ọlọ́run yóò dá ọ sí, ọmọ mi. Wà á dàgbà, wà á darúgbó. Dìde, ó tó.” Mo gbé e dìde; ó tún dọ̀bálẹ̀. Ilé bú sí ẹ̀rín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, wọ́n sì kọjú sí àwọn ọmọ ilé, wọ́n ní ṣé wọ́n rí ẹranko igbó tí ó mọ ẹ̀kọ́ ilé jù wọ́n lọ? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀ síwájú láti kí mi nígbà náà. Mo dá a mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Sà, ṣé ìlà ìwúwo rẹ̀ bọ́ sí ìta ẹsẹ̀ ni?” Òun ni mo fún ní òdo.

Mo parọ́ fún wọn pé mo fẹ́ lọ fọ̀ ọ́, mo gbé e padà sílé. Ní alẹ́ méjì, mo ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sún ẹsẹ̀ iwájú wá sí abẹ́ ọrùn, mo yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ olórí dè wọ́n mọ́ ara, mo gbé erin kalẹ̀ wò kí n tó rán an, èyí tí ìlànà náà sọ ní ojú ewé kejì tí n kò kà. Mo gé ìdérí ike ọ̀dà sí róbótó mẹ́rin, mo tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè pẹrẹsẹ. Mo fi ìdí ṣíbí ki òwú sí ọrùn títí ó fi le gbandi. Mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́, mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn gbẹ, mo rán wọn sínú àpò aṣọ nínípọn ní ìlọ́po méjì kí ọmọ má baà rí wọn jẹ, mo sì ti àpò náà bọ ìbàdí erin. Ó dúró. Mo tan fáànù sí i, ó dúró. Mo gbé e lé tábìlì káfíńtà láìsí ìṣírò mi lábẹ́ rẹ̀, ó ṣì dúró.

Mo gbé e padà sí Òkè Báálẹ̀ pẹ̀lú àyà yíyọ. Mo gbé e síwájú Ìyá Àgbà. Wọ́n ń wò ó, ó ń wò wọ́n. Wọ́n dúró títí. Ojú wọn fàro. “Kí ló dé tí kò kí mi mọ́? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òkúta àti ọrùn. Wọ́n dá mi lẹ́kun, wọ́n ní ọmọ tí ó ní ìwà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi lé tíṣà lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fi bà á jẹ́. Wọ́n ní kí n gbé e lọ, kí n má ṣe dá a padà bí kò bá tíì mọ bí a ṣe ń kí àgbà.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń bá a fà á. Mo ti yọ òkúta. Mo ti tú òwú ọrùn rẹ̀ dànù, mo sì ti dá ìwọ̀nba kan padà sínú ìrọ̀rí ìyàwó mi. Ní àná, mo lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ó dúró ṣinṣin lórí tábìlì, ó ń wò mí.