Netflix lórí dátà: ibi tó ti dáa àti ibi tó ti ń jẹ owó

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Netflix, iye tí wọ́n ń san lóṣù ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Fún ẹni tó ń fi dátà fóònù wò ó ní Nàìjíríà, owó oṣù kọ́ ni ìnáwó gidi. Dátà ni. Tí ẹ bá ń wò ó ní HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ dáadáa, wákàtí kan lè gbé tó 3GB. Ti 4K, tó mọ́ ju HD lọ, lè gbé tó 7GB.

Àmọ́ wọ́n fún wa ní ohun tí a lè fi dín in kù, ó kàn jẹ́ pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ pamọ́ díẹ̀ ni. Nínú áàpù orí fóònù, ẹ lọ sí My Netflix, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè, ẹ wọ App Settings, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ dátà. Ẹ pa Automatic, ẹ mú Save Data. Pẹ̀lú èyí, 1GB á gbé yín tó wákàtí mẹ́fà. Automatic á gbé yín tó mẹ́rin. Ẹ má sún mọ́ Maximum Data rárá, ogún ìṣẹ́jú péré lè run 1GB níbẹ̀. Lójú fóònù, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan, àfi tí fíìmù náà bá kún fún ìran òru, torí inú òkùnkùn ni àwòrán tí wọ́n fún pọ̀ ti máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Hotspot ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Dátà síìmù inú fóònù yẹn nìkan ni ètò inú áàpù ń ṣọ́. Tí ẹ bá tan hotspot kí tẹlifíṣọ̀n lè gbà á, Wi-Fi ni tẹlifíṣọ̀n kà á sí, á sì máa mu ún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Orí netflix.com ni wọ́n ti ń dè é: ẹ wọ Account, ẹ mú profile ẹni tó ń wò, ẹ wá Playback settings. Low ń jẹ tó 0.3GB ní wákàtí kan, Medium ń jẹ tó 0.7GB. Medium ni mo fara mọ́ fún tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 32. Low á sọ ojú òṣèré di ojú ẹni tó dúró sínú èéfín. Profile kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀ o. Tí ẹ bá tún tiyín ṣe tí ẹ gbàgbé ti àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni dátà á gbà lọ. Ojú kan náà ni ẹ ti máa pa autoplay méjèèjì, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ apá tó kàn fúnra rẹ̀, àti èyí tó ń sáré ṣeré síni lójú nígbà téèyàn ṣì ń wá ohun tó fẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde nínú akáǹtì lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tún wọlé, kí ètò tuntun lè mú.

Lójú tèmi, download ni ohun tó dáa jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ní dátà òru tàbí Wi-Fi ibi iṣẹ́ lè gbé fíìmù sórí fóònù, kó wò ó nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ. Àmọ́ kì í ṣe tiyín títí láé. Àwọn kan á kú lẹ́yìn ọjọ́ méje, àwọn mìíràn lẹ́yìn wákàtí 48 tí ẹ bá ti tẹ play. Ẹ pa Smart Downloads náà, èyí tó ń gbé fíìmù wálẹ̀ fúnra rẹ̀, torí bó bá rí hotspot ọ̀rẹ́ yín, Wi-Fi ló lè kà á sí.

Kí ẹ tó san owó ètò tó wọ́n, ẹ yẹ fóònù Android yín wò. Nínú App Settings, ẹ wá Playback Specification. Tí Widevine, ìyẹn ohun tí fóònù fi ń dáàbò bo fíìmù kí wọ́n má bàa jí i dà kọ, bá jẹ́ L3 (ìpele tó kéré jù), SD ni ẹ máa wò, ìyẹn àwòrán tí kò mọ́ tó HD, iye yòówù kí ẹ san. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ló wà nípò yìí, fóònù tí wọ́n ti root (tí wọ́n ti já ìdè tí iléeṣẹ́ fi sí i) náà sì lè já bọ́ síbẹ̀. Tí L3 bá ni, ètò Mobile tó yín: 480p (SD náà ni), fóònù tàbí táblẹ́ẹ̀tì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò ṣeé gbé sórí tẹlifíṣọ̀n.

Tí àwòrán bá ń dúró, ẹ ṣí fast.com, tó ń wọn bí íńtánẹ́ẹ̀tì yín ṣe yára tó. Ẹ̀rọ Netflix gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà ó sàn ju àwọn òṣùwọ̀n yòókù lọ. Mbps ni wọ́n fi ń ka ìyára náà: 3Mbps tó fún HD, 5Mbps fún Full HD, 15Mbps fún 4K.

Ní ti fíìmù Yorùbá, ẹ má retí púpọ̀. Iṣẹ́ ńlá bíi Aníkúlápó ti Kunle Afolayan (2022) wà níbẹ̀, àwòrán àti ohùn rẹ̀ sì mọ́ dáadáa. Àmọ́ fíìmù tí àwọn òṣèré wa ń gbé jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orí YouTube ló wà, lọ́fẹ̀ẹ́. Fíìmù tí Netflix sì yá lọ́wọ́ onífíìmù, tí àdéhùn bá pé, wọ́n á yọ ọ́ kúrò.

Nítorí náà, oṣù tí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ wò ni kí ẹ san. Ẹ lè fagi lé e lọ́jọ́ tí ẹ san án gan-an. Ẹ ṣì máa wò ó títí oṣù yẹn á fi pé, báńkì ò sì ní yọ owó yín nígbà tí ẹ ti gbàgbé.