Ara Pẹ̀lú Ní Ábídí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra TP (ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ nílé-ìwé), yálà Akọka lẹ ti ń kàwé ni o, tàbí Ìjànikin níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ Adéníran Ògúnsànyà ti di yunifásítì LASUED lọ́dún 2022, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu ọjọ́ ti pẹ́. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣómólú. Nínú ọdún 4 àkọ́kọ́, kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò kó ọmọ jáde fún P.H.E. (ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera), síbẹ̀ mi ò kọ́ ọmọ kankan ní nǹkan kan.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Bí àkókò bá tó, màá kó ọmọ 42 jáde, màá ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sí àárín wọn, màá wá abẹ́ igi jókòó sí, màá sì máa máàkì ìwé ìṣirò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá á gbá a. Àwọn yòókù á fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á máa wòran títí aago á fi lù. Lójú mi nígbà náà, mo ti ṣiṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kan ni mo fi ìwé ìṣirò sílẹ̀, tí mo mú bírò, tí mo sì ń fa ilà síwájú orúkọ ọmọ tó bá ti kan bọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin kan wà tó kan bọ́ọ̀lù ju ìgbà 30 lọ. Ọmọbìnrin kan wà tí iwájú orúkọ rẹ̀ ṣófo. Ìṣẹ́jú 35 ni wọ́n fún wa lórí táìmútébù. À ń lo bí 10 níbẹ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ká sì tò. Ìṣẹ́jú 25 tó kù, ọmọ yẹn fi gbogbo rẹ̀ ṣọ́ ògiri. Kí ẹ sì wá rántí pé Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́.

Ọmọ ọdún 8 ni ọmọbìnrin náà, Pírámárì 3. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rọra ju bọ́ọ̀lù sí i. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti dijú, ó ti yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na apá méjèèjì síwájú gbagidi bí ẹni tó fẹ́ gba agbọ̀n igi. Bọ́ọ̀lù lu àyà rẹ̀, ó já sílẹ̀, àwọn tó wà nítòsí sì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rántí pé gbogbo Ọjọ́rú ni inú máa ń run ọmọ yìí. Ọjọ́rú ni P.H.E. wa.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ọmọ kò bá mọ “gb” yàtọ̀ sí “b”, ṣé ìwé ìtàn la máa gbé síwájú rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ká ní kó kà á sókè, ká sì máa wò ó? Ábídí la máa padà sí. Híhán nǹkan tó ń bọ̀ lójú afẹ́fẹ́, jíjù, fífò lẹ́sẹ̀ kan, dídúró lẹ́sẹ̀ kan láì yẹ̀, fífò kéèyàn sì balẹ̀ jẹ́ẹ́ pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀, ábídí ara nìwọ̀nyí. Àwa kan gbà pé ọmọ bá wọn wáyé ni. Òótọ́ ni pé ọmọ mìíràn á he é níta, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò ní í mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnìkan kọ́ ọ.

Obìnrin ará Ìlú Ọba kan, Margaret Whitehead, ló gbé èrò yìí kalẹ̀ lọ́dún 1993: bí mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ti wà, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ara mọ̀wé. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń kà mọ́ ọn, pé kí ó máa wu ọmọ láti ṣe é, kí ó ní ìgboyà, kí ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó sì mọ ìdí tó fi yẹ kó máa ṣe é títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ojú tì mí. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ “mọ̀ ọ́n ṣe” kọ́ ni wọ́n fi ṣáájú. Kó wuni àti ìgboyà, ọwọ́ mi gan-an ni mo fi ń pa méjèèjì lára àwọn ọmọ.

Bí mo ṣe ń pa á rèé. Bí ọmọ bá pẹ́ dé láàárọ̀, fúrọ́ọ̀gì jọ́m̀pù ni ìyà rẹ̀. Bí kíláàsì bá pariwo, ẹ sáré yí ọgbà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní Ọjọ́rú kan, inú mi dùn, mo sọ fún wọn pé, “Ó yá, gbogbo yín, ẹ fò bí ọ̀pọ̀lọ́!” Kò sẹ́ni tó mira. Ọmọ kékeré kan ní iwájú gbójú sókè wò mí, ó ní, “Àǹtí, kí la ṣe?”

Láti ọjọ́ náà mi ò fi eré ṣe ìyà fún ọmọ mọ́. Mi ò sì gba P.H.E. lọ́wọ́ ọmọ mọ́ torí pé kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹ bá mi di èyí mú ṣinṣin, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n máa rọ̀ yín láti ṣe é ní ilé-ìwé tí wọ́n bá rán yín lọ, torí ó rọrùn, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

N kò dá ara mi nìkan lẹ́bi ṣá o. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣe ń kọ́ni. Nígbà tí mò ń ṣe NCE (ìwé-ẹ̀rí olùkọ́), a kọ ìtumọ̀ ẹ̀kọ́ ìdárayá sínú ìwé, a to àǹfààní rẹ̀ láti ọ̀kan dé mẹ́wàá, a kọ́ ọ sórí, mo sì gba A. Kò sẹ́ni tó gbé bọ́ọ̀lù lé mi lọ́wọ́ rí. Olùkọ́ tó wá wò mí nígbà TP yẹ nóòtù mi wò látòkè délẹ̀, ó yìn mí pé àwọn ọmọ tò dáadáa. Wọ́n tò lóòótọ́. Fún ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi tò. Lẹ́yìn náà, nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2014, wọ́n kó P.H.E. pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà sábẹ́ orúkọ kan, Basic Science and Technology. Olùkọ́ tí àkókò ò tó fún, tí ìdánwò ń lé bọ̀, ẹ̀yin náà mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ yọ sọnù nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin mẹ́ta mẹ́ta, ẹ lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́. Kí ẹnìkan máa jù, kí ẹnìkan máa hán, kí ẹnì kẹta máa wo ẹsẹ̀ wọn nìkan. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù, ẹsẹ̀ òsì ló yẹ kó gbé síwájú, torí ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìbàdí yí, tí agbára fi ń ti ìdí wá sí ọwọ́. Mo pé ọmọ ọdún 31 kí ọ̀rẹ́ mi kan tó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ọ̀tún lèmi ń gbé. Ojú tí kò rí i lára tirẹ̀ kò lè rí i lára ọmọ.

Bí mo ṣe kọ́ ọmọbìnrin yẹn, màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀rá bùrẹ́dì la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rá kì í yára sọ̀ kalẹ̀, kì í sì dunni. (Ẹ kà wọ́n kí ẹ tó pín wọn, ẹ sì gbà wọ́n padà pé pérépéré, kí ọmọ kankan má fi bo ojú.) Màá ta á sókè, á máa fojú tẹ̀lé e títí á fi mú un. Ọ̀sẹ̀ méjì la lò nídìí ìyẹn nìkan. Lẹ́yìn náà la bọ́ sórí àpò. Mo bẹ télọ̀ àdúgbò wa fún àjákù ańkárá, mo rán àpò kéékèèké 40, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àgbàdo ni mo kọ́kọ́ dà sí i, kòkòrò jẹ ẹ́ kó tó pé oṣù méjì. Iyanrìn gbígbẹ ló wá dára jù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dì í sínú ọ̀rá, kó má jò. Ohun tó dára lára àpò ni pé kì í ta padà, kì í sì yí lọ. Mo fi máákà kọ lẹ́tà sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì ní kó hán an. Mo ní, “Sọ fún mi, lẹ́tà wo ló ń bọ̀?” Kò lè dijú kó sì tún rí lẹ́tà. Nígbà tí yóò fi pariwo “ṣ!”, ó ti bá àpò ní ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó wo ọwọ́ náà títí.

Bí ọmọ 40 bá ní àpò 40, kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnikẹ́ni. Kò sì sí ẹni tó ráyè fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Ẹ máa sọ pé Èkó ò láyè. Mo mọ̀. Ilé-ìwé mẹ́ta ló wà nínú ọgbà kan náà níbi tí mo wà, bí òjò bá sì rọ̀, ìdajì rẹ̀ á di adágún. Nílé ńkọ́? Yàrá kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, dáńfó àti kẹ̀kẹ́ níta. Ìyá tó ní kí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ kò ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo súwẹ̀: ẹsẹ̀ kan ni ọmọ fi ń fò, á yí padà, á tẹ̀ mọ́lẹ̀ mú òkò láì fi ẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀. Ẹ wo tẹ́ńtẹ́ń, tí ojú ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkejì, tí àtẹ́wọ́ àti ìfò sì gbọ́dọ̀ bára mu. Gbogbo ábídí tí mo kà lẹ́ẹ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé sínú àwọn eré tí àwọn ìyá wa ṣe dàgbà. Ṣọ́ọ̀kì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fún ti tó súwẹ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní tẹ́ńtẹ́ń pẹ̀lú. Wọ́n kùn fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ jáde.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé láéláé. Kí ẹ tó kó ọmọ jáde rárá, ẹ mọ ẹni tó jẹ́ SS (ẹni tó ní àìsàn sickle cell) àti ẹni tó ní asthma, àìsàn tó máa ń sé èémí, nínú wọn. Ẹ bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ọmọ SS lè ṣeré, ó sì yẹ kó ṣeré, àmọ́ kó máa sinmi nígbà tó bá fẹ́, kó máa mu omi dáadáa, kí ẹ má sì ṣe lé e ré kọjá agbára rẹ̀. Mo máa ń bẹ ọ̀gá kí wọ́n fi P.H.E. tiwa sí òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Màá sì rìn yí ibi tí a ó ti ṣeré ká fúnra mi, torí ìṣó àti àfọ́kù ìgò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ní ọjọ́ tí a parí tááàmù, mò ń kó àwọn àpò padà sínú páálí nígbà tí ọmọbìnrin yẹn wá bá mi. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin máa ń dijú. Ó béèrè bóyá òun lè mú ọ̀kan lọ sílé, ó sì ti mọ èyí tó fẹ́, èyí tó ní “ṣ” lára.