Omi Gbóná, Ẹja Sá Lọ
Omi tó bá gbóná kì í gba ọ́síjìn tí ẹja ń mí púpọ̀ mọ́ra. Lítà omi aláìníyọ̀ kan ní 20°C lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9. Tó bá di 30°C, kò ju 7.5 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi ń sá lọ síbi tó tutù, tí apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré á wá máa sun epo lé e kiri.

Tí apẹja bá wá rí ẹja pa, yìnyín tó máa fi tọ́jú ẹ̀ kó má bàa bà jẹ́ gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Nílẹ̀ olóoru, kílò yìnyín kan sí kílò ẹja kan ni. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ fi kún un. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀, ẹ to ẹja lé e, ẹ tún da yìnyín bò ó. Ẹ má dí ihò ìsàlẹ̀ àpótí o! Omi ẹlẹ́jẹ̀ tó bá dúró síbẹ̀ ló ń ba ẹja ìsàlẹ̀ jẹ́.